Oúnjẹ tó ń dá rìn àti èyí tó ní ẹmẹ̀wà: kí ló yẹ ká kó pamọ́ sílé ní Àkúrẹ́?

Ọjọ́ tí tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ méjì wà nínú fìrísà mi, ìdajì páálí ẹja òkú Èkó wà níbẹ̀, rọ́bà ata tí mo ti lọ̀ tí mo sì ti sè sílẹ̀ tó mẹ́jọ. Mo ti ń yangàn pé ebi kò lè rí ilé mi gbé. Lọ́jọ́ kejì, a tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a tún tàn án. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mo ṣírò owó bẹntiróòlù, mo rí i pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ewúrẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òkùnkùn fi jọba ní òpópónà wa ní Ìjọ̀kà. Èyí tá a lè sè, a sè é. Èyí tá a lè fún aládùúgbò, a fún wọn. Ìyókù, òórùn rẹ̀ ló kéde ara rẹ̀ fún gbogbo àgbàlá.

Àárín ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá ọkọ mi dé láti Òkìtìpupa. Wọ́n gbé àpò púpurú (ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín gbẹ) kan dání, ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi bébà símẹ́ǹtì wé, àti ìgò epo pupa méjì. Wọ́n wo fìrísà tí mo ṣí sílẹ̀ kó lè gbẹ, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àpótí kan ṣoṣo yìí lo kó gbogbo oúnjẹ ilé sí?" Wọn ò bínú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn yà wọ́n lẹ́nu ni. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba, àwọn ará ibẹ̀ kò sì fi fìrísà ṣe àká.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo oúnjẹ. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo máa ń bi í ni pé, ọjọ́ mélòó lo máa lò? Ní báyìí, mo máa ń bi í pé, ta ló ń bá ọ rìn? Oúnjẹ kan wà tó ń dá rìn: ẹ bù ú sábọ́, ẹ bu omi sí i, ó parí. Òmíràn ní ẹmẹ̀wà bí ọba: iná mànàmáná á ṣíwájú, gáàsì á tẹ̀lé e, omi á gbẹ̀yìn. Tí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá, ọba ò jáde nìyẹn.

Wàhálà tí mò ń wí kì í ṣe ogun tàbí ìyàn. Ní 2020, kòrónà kọ́kọ́ sé wa mọ́lé. Nígbà tó di oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, rògbòdìyàn EndSARS tún mú kónílé-ó-gbélé wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, oúnjẹ kún ọjà, owó náírà ló di àwátì, àwọn tó lówó ní báńkì ń tò láti ìdájí. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Ká má tíì sọ ti Odò Àlà tó ń kún lákùn-únjù nígbà òjò, tàbí ti oṣù tí owó ilé ìwé bá gbé gbogbo owó oṣù lọ. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta tí ilé kan lè jẹun láìjáde, láìnáwó, òun ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná, lẹ́yìn náà ni màá wá ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn:

| Oúnjẹ | Iná tó ń fẹ́ | Omi tó ń fẹ́ | Ọ̀tá rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Gàrí mímu | kò fẹ́ | díẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ́ | ọ̀rinrin, eku |
| Púpurú, èlùbọ́ | omi híhó àti ìrokà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 | díẹ̀ | ọ̀rinrin, kòkòrò |
| Ìrẹsì | nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 | ti fífọ̀ àti ti sísè | kòkòrò, eku |
| Iṣu | ìṣẹ́jú 20 sí 30 | díẹ̀ | híhù, rírà |
| Ẹ̀wà | wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ | púpọ̀ | kòkòrò |
| Ẹran inú fìrísà | iná mànàmáná lójoojúmọ́, gáàsì lẹ́yìn náà | púpọ̀ | òkùnkùn |

Gàrí tàbí púpurú

Ẹ̀gẹ́ ló bí àwọn méjèèjì, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Gàrí, wọ́n rin ín, wọ́n dì í sínú àpò kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n kù ú, wọ́n sì yan án nínú agbada. Púpurú, iṣẹ́ àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni: wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 títí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á sì tò ó sókè iná igi kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ á dúdú bí ìkòkò. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ ó ha dúdú yẹn kúrò, ẹ ó gún funfun inú rẹ̀, ẹ ó jọ̀ ọ́, ẹ ó rò ó lórí omi híhó.

Ní ti ìyára, gàrí ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Oúnjẹ tó ń dá rìn jù lọ nílẹ̀ yìí ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo gàrí ló ṣe é kó pamọ́. Tí ẹ bá dé ọjà Ọba tàbí Ìsìkàn, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, kí ẹ la ọwọ́. Tó bá tú ká bí iyanrìn, ó gbẹ. Tó bá ṣù mọ́ra, ti jíjẹ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, ẹ má kó o síbi tó jìn. Gàrí pupa dùn-ún wò, ó sì dáa fún ẹ̀bà, àmọ́ epo tí wọ́n fi sí i máa ń jẹ́ kí òórùn rẹ̀ tètè yí padà. Funfun ni kẹ́ ẹ kó pamọ́. Ẹ tún tọ́ ọ wò: gàrí tí kò kan rárá, tó ń dùn bí ẹ̀gẹ́ tútù, wọ́n kánjú ṣe é ni. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan yẹn ló ń lé májèlé inú ẹ̀gẹ́ lọ, kì í ṣe torí adùn nìkan.

Púpurú ní iyì tirẹ̀. Odidi rẹ̀ ní ẹ̀wù: ara dúdú yẹn ń dáàbò bo funfun inú rẹ̀, lókè àdògán ìyá ọkọ mi ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìṣe nǹkan kan. Ní Àkúrẹ́ ńkọ́, níbi tí gáàsì là ń lò? Kò séèéfín tó ń rú sí i. Odidi púpurú tí mo kó sórí sẹ́ẹ̀fù nílé ìdáná mi bu kí oṣù Agẹmọ tó parí. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń gún gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá rà á, mo máa ń jọ̀ ọ́, mo máa ń sá a dáadáa, mo sì máa ń kì í sínú ìgò. Nínú ìlú tí kò sí àká èéfín, ìyẹ̀fun ló sàn, odidi kò sàn.

Tí ẹ bá bi mí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kó jẹ́ gàrí, ìdá kan kó jẹ́ púpurú tàbí láfún. Kì í ṣe nítorí agbára, nítorí ẹnu ni. Lọ́jọ́ kẹrin tí ẹ̀bà bá tún yọjú, àwọn ọmọ á máa wo abọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Èéfín inú púpurú a sì máa mú ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran dà bí èyí tó lẹ́ja.

Ẹ̀wà: kẹ́ẹ̀gì, àpò, fìrísà tàbí oògùn

Ibí gan-an ni owó ilé púpọ̀ ti ń ṣòfò. A ra ẹ̀wà nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó ti lu. A ní ilé wa ló ní kòkòrò. Rárá o. Oko tàbí ọjà ni abo kòkòrò ẹ̀wà ti lẹ ẹyin mọ́ ara hóró, ọmọ rẹ̀ ti gbẹ́ wọ inú rẹ̀, ihò tí ẹ rí yẹn, ọ̀nà ìjáde ni. Ẹ ti gbé e wálé kí ẹ tó rí i.

Nítorí náà, àtipa ohun tó ti wà nínú rẹ̀ ni iṣẹ́, kì í ṣe àtilé èyí tó ń bọ̀.

Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ń ṣe iṣẹ́ yìí láìlo oògùn kankan. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò híhun kan lóde. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù ló gbé e kalẹ̀, ẹ̀wà gan-an ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é. Ẹ ó fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè bí mọ́, á sì kú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kílò 50 tàbí 100 ni èyí tó wọ́pọ̀, ti oníṣòwò ni. Èèyàn mẹ́rin márùn-ún tó ń ṣí i lọ́sẹ̀ méjì méjì á kàn máa ta kòkòrò lọ́rẹ afẹ́fẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì bá ilé mu. Kí inú rẹ̀ gbẹ pátápátá, kí ẹ̀wà kún dé ọrùn, ẹ gbọ̀n ọ́n kó jókòó, ẹ tún kún un, ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e pa. Kẹ́ẹ̀gì tó kún ààbọ̀, afẹ́fẹ́ ààbọ̀ wà níbẹ̀ fún kòkòrò. Àrà tí èmi dá sí i ni ìgò omi lítà kan ààbọ̀. Ìgò kan, ìsè kan tàbí méjì. Èyí tí mi ò ṣí kò mọ̀ pé mo ṣí èkejì rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń bá mi ṣa ìgò, a ń fọ̀ wọ́n, a sì ń da orí wọn kodò fún ọjọ́ méjì nínú oòrùn.

Fìrísà ńkọ́? Ó wúlò, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn, kì í ṣe ilé gbígbé. Tí iná bá wà lọ́sẹ̀ tí ẹ ra ẹ̀wà, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ jẹ́ kó dì fún ọjọ́ 4, ẹyin àti ìdin inú rẹ̀ á kú. Lẹ́yìn tó bá yọ́ tó sì gbẹ, ẹ wá kó o sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí kò ní fìrísà lè tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí ọ̀rá dúdú lọ́sàn-án gangan, kó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kó fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Ooru abẹ́ rẹ̀ kọjá ohun tí kòkòrò lè fara dà.

Ata gbígbẹ tí wọ́n ní ká máa jù sínú ẹ̀wà, mo gbìyànjú rẹ̀. Kòkòrò ń gorí ata náà kọjá bí ẹni tó ń gun òkè Ìdànrè. Eérú sàn jù ú lọ, àwọn àgbà fi ń tọ́jú irúgbìn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pọ̀, fífọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ omi.

Oògùn ẹ̀fọn olómi tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà, ẹ má dán an wò, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Dichlorvos, májèlé apakòkòrò, ló wà nínú rẹ̀. Àjọ NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀ ní 2019, wọ́n sì ti kìlọ̀ léraléra pé kò yẹ lára oúnjẹ. Fífọ̀ àti sísè kò dájú pé wọ́n mú un kúrò tán. Ẹ̀wà tí kòkòrò lu díẹ̀ ṣe é ṣà jẹ, èyí tí oògùn lu kò ṣe é ṣà.

Àìda ẹ̀wà kan ṣoṣo ni iná. Bó bá sì ti ń pẹ́ nípamọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kọjá ọdún kan. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ gbé e kaná kó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 15, ẹ dé e, ẹ pa iná, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé ìkòkò náà fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún dá a padà sórí iná, díẹ̀ ló máa kù. Olóyin ló ń tètè rọ̀ níbi tí mò ń sè é. Gáàsì tí mo ń jèrè níbẹ̀ kò kéré.

Eku, ọ̀rọ̀ tiwa ní ìpínlẹ̀ yìí

Ẹni tó ń kó oúnjẹ pamọ́ ní ìlú mìíràn lè máa bẹ̀rù eku nítorí òfò. Tiwa ju òfò lọ. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè láti 1969, wọ́pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn FMC Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n mọ̀ sí ìtọ́jú rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ tàbí abọ́ ló ń gbé e wọlé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń gbóná jù.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tá a ti ń sọ bọ̀. Ẹ̀wà máa hó lórí iná kó tó dé ẹnu. Ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀. Gàrí mímu kò rí iná kankan. Oúnjẹ tó ń dá rìn yìí ló nílò ilé tó lágbára jù, òun náà la sì máa ń fi sílẹ̀ nínú àpò tí a ká ẹnu rẹ̀ lásán.

Àpò híhun àti ọ̀rá, ẹ yọ wọ́n kúrò. Eku á jẹ wọ́n lóru kan. Rọ́bà páìntì sàn, tí ìdérí rẹ̀ bá le tó sì há gírígírí. Kẹ́ẹ̀gì tó nípọn àti ìgò dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo onírin tó ní ìdérí ló ga jù, àmọ́ ní ilé tó ń rin, ó lè dípẹtà. Ní tèmi, gàrí wà nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10 mẹ́ta dípò rọ́bà ńlá kan, torí bí nǹkan bá ba ọ̀kan jẹ́, méjì ṣẹ́ kù. Tí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nínú gàrí, ẹ má jọ̀ ọ́, ẹ má sá a. Ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ sì yé ra láfún tàbí èlùbọ́ tí wọ́n ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìsí ohun tó bò ó, bó ti wù kó funfun tó.

Ìrẹsì

Ìrẹsì funfun tó gbẹ, nínú kẹ́ẹ̀gì tó pa, á lo ju ọdún kan lọ. Ọ̀fadà kò ní lò tó bẹ́ẹ̀, òróró ara èèpo rẹ̀ máa ń bàjẹ́, nítorí náà ẹ rà á fún jíjẹ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún kì í ṣe ti tútù bí kò ṣe ti sísè. Nígbà tí kò síná, ẹ má se ìrẹsì alẹ́ mọ́ tàárọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ooru sísè kì í pa ẹyin rẹ̀. Tí ìrẹsì bá sùn síta, ó lè tu oró sínú rẹ̀, gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kì í sì í pa oró náà. Ìwọ̀n tó máa tán ni kẹ́ ẹ sè.

Iṣu tàbí èlùbọ́

Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Oǹdó pé kó má tọ́jú iṣu. Iyán ni ẹ̀rí pé èèyàn jẹun. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé bí ọmọ ìkókó ni iṣu rí: ó ṣì wà láàyè, ó ń mí, ó fẹ́ afẹ́fẹ́. Inú ọ̀rá tàbí àpò dídì, ó máa rà. Ẹ tò ó sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kí ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́. Èyí tí ọkọ́ tàbí ọbẹ ṣá lọ́gbẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹ máa ṣẹ́ ohun tó ń hù lórí rẹ̀ kí ó má bàa fa ara rẹ̀ mu. Mo máa ń ra tèmi l'Ọ́gbẹ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀, mo sì máa ń retí pé kí èyí tó dáa nínú wọn rí oṣù Ẹrẹ́nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, èlùbọ́ ló kù. Omi híhó àti orógùn nìkan ni ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ẹ fà á mọ́ ihò imú kẹ́ ẹ tó rà á. Bó bá ń rùn bí àṣọ tó sùn nínú omi, ó ti bu rí, wọ́n sì tún un sá ni. Oró tí èébu ń fi sílẹ̀ nínú èlùbọ́, àgbàdo àti ẹ̀pà kì í kúrò nítorí pé a sè é. Iyán oníyẹ̀fun tó wà nínú páálí wà ní àárín àwọn méjèèjì. Mo ní ẹyọ kan nílé. Ọkọ mi ò ní mọ̀ pé mo sọ ọ́ síbí.

Ata: òróró, oòrùn tàbí agolo

Rọ́bà mẹ́jọ tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ yẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n. Fìrísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè di nǹkan inú rẹ̀ mú fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná lọ. Tó bá jẹ́ ààbọ̀, wákàtí 24. Fìríìjì lásán, wákàtí 4. Ọjọ́ méjì ni gbogbo agbára rẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ata díndín, èyí tí a din títí omi rẹ̀ fi gbẹ tí òróró sì léfòó, ló dùn jù. Tí ẹ bá ń gbé e hó lójoojúmọ́, á sìn yín fún ọjọ́ mélòó kan láìsí fìríìjì. Àmọ́ àṣà kan ń gbilẹ̀ báyìí: kí a rọ ọ́ sínú ìgò, kí a da òróró bo orí rẹ̀, kí a gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù fún oṣù mẹ́ta. Èmi ò ní ṣe é. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí gan-an ló ń wá, oró rẹ̀ lè dá apá àti ẹsẹ̀ èèyàn dúró, kó tiẹ̀ dá mímí dúró, oúnjẹ náà lè má rùn, kó má sì yí àwọ̀. Tòmátò ní ìkan díẹ̀ tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ata àti àlùbọ́sà kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ata gbígbẹ odidi, tí a sá nígbà ọyẹ́ tí a kó sínú ìgò, àti tòmátò inú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré. Mo mọ̀ pé kò dùn tó tútù. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan, ọbẹ̀ kan, kò sí èyí tó ń ṣẹ́ kù tí yóò kan. Owó agolo ńlá dín díẹ̀ tí ẹ bá pín in, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i ní ilé tí kò síná, eré sísá ló kù.

Ẹja, ẹran, ẹyin

Ẹja gbígbẹ oríṣi méjì ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí èéfín kàn fọwọ́ bà, tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan ni. Èyí tó gbẹ dénú, tó ń dún pàkà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, òun la lè kó pamọ́. Àrọ̀ gbígbẹ ń pẹ́ ju ẹja ọlọ́ràá lọ, torí ọ̀rá ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Edé gbígbẹ láti Igbókọ̀dá kò gba àyè, ẹ̀kúnwọ́ kan ń yí ìkòkò ẹ̀fọ́ padà. Ẹ máa sá wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ sì dé wọn pa kí eku má gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni sàdíìnì inú agolo wà. Agolo tó bá wú, ẹ sọ ọ́ nù láìtọ́ ọ wò.

Ẹyin tí a kò fọ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta níbi tó tutù. Ẹran tútù, tí iná kò bá dájú, ẹ rà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa sè é.

Àwọn ẹmẹ̀wà fúnra wọn: iná àti omi

Sílíńdà kílò 12.5 kan tàbí kékeré méjì? Kékeré méjì. Nígbà tí ọ̀kan bá tán, ẹ ṣì ní èkejì, ẹ sì mọ̀ pé àkókò ti tó láti lọ kún un. Ńlá máa ń tán lójijì, alẹ́ ọjọ́ kónílé-ó-gbélé ló sì máa ń yàn. Èédú ni kẹ́ ẹ fi tì í lẹ́yìn: kì í bàjẹ́ tí òjò kò bá pa á, àpò kan sì ń pẹ́. Àmọ́ ìta ni àdògán ń gbé. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, ó ti pa èèyàn lójú oorun rí. Kẹrosíìnì, wọ́n ń da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn nígbà mìíràn, ó sì ń bú gbàmù. Mo ti gbé sítóòfù tèmi fún alágbẹ̀dẹ.

Omi ni àwọn èèyàn ń gbàgbé. Ẹ ṣírò lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, fún mímu àti oúnjẹ nìkan. Èèyàn 5, ọjọ́ 7, lítà 140 nìyẹn: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́fà. Bọ́ọ̀hólù ń fẹ́ iná mànàmáná. Kànga ń fẹ́ okùn àti garawa. Ẹni tó ní kànga ní Àkúrẹ́, kó má dí i torí pé ó ti gbẹ́ bọ́ọ̀hólù. Omi kànga gbọ́dọ̀ hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan kó tó di mímu, ẹ ka gáàsì ìyẹn mọ́ ìṣirò yín.

Tí owó kò bá tó nǹkan

Ẹni tó ń gbé yàrá kan, tí owó rẹ̀ kò ju ohun tó lè yà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù lọ, kó má wulẹ̀ wo ilé ẹlẹ́nìkejì. Omi ni àkọ́kọ́, torí kẹ́ẹ̀gì nìkan ló máa rà. Gàrí ló tẹ̀ lé e, nínú ohun tí eku kò lè jẹ. Lẹ́yìn náà ẹ̀pà àti ẹ̀wà, ìgò kan lẹ́ẹ̀kan. Epo pupa, edé, ata gbígbẹ. Ìrẹsì lè dúró. Fìrísà lè dúró títí ayé. Ohun tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó, kì í ṣe oúnjẹ àjèjì tí àwọn ọmọ ò ní fẹnu kàn. Ẹ kọ oṣù tí ẹ rà á sára ìgò, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde.

Ìyá ọkọ mi tún wá lọ́dún tó kọjá. Mo mú wọn wọ ibi tí mo to nǹkan sí, bí ọmọ ilé ìwé tó ń fi ìwé rẹ̀ han tíṣà. Wọ́n ka ìgò ẹ̀wà, wọ́n mi kẹ́ẹ̀gì gàrí, wọ́n gbọ́ òórùn èlùbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Iyọ̀ ńkọ́?"

Ohun kan ṣoṣo tí kò níí bu, tí kò níí lu, tí kò níí hù, tí eku ò sì fẹ́. N ò rà á. Mo rán ọmọ sí ìyá tó ń tajà níwájú ilé.